Ṣé o mọ̀? Òṣìṣẹ́ inú ìwé kì í lóyún

Ọdún 1987 ni jọ́nà àwọn onímọ̀ àwùjọ kan, Gender & Society, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Judith Lorber ni olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́.

Inú rẹ̀ ni Joan Acker, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Oregon, ti gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1990 tí wọ́n ṣì ń tọ́ka sí. Ó wo bí ilé iṣẹ́ ṣe ń díwọ̀n iṣẹ́ kí wọ́n tó bu owó oṣù lé e. Òfin wọn ni pé kí wọ́n wo iṣẹ́, kí wọ́n má wo ẹni tó ń ṣe é. Kò sí ojúsàájú níbẹ̀, àbí? Acker ní ó wà. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní lọ́kàn kì í lóyún, kì í fọ́mọ lọ́mú, kì í sáré lọ mú ọmọ nílé ìwé: ọkùnrin tí ẹlòmíràn ń bá tọ́jú ilé ni. (Ìyá tó bá ti ṣiṣẹ́ báǹkì l'Ékòó mọ èyí láì ka jọ́nà kankan.)

Ní 1994 ni jọ́nà mìíràn tó ń jẹ́ Gender, Work & Organization dé, èyí tó gbájú mọ́ ibi iṣẹ́ gan-an.

Ọmọ Yorùbá náà dá sí ọ̀rọ̀ akọ àti abo yìí. Nínú ìwé The Invention of Women, tó jáde ní 1997, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ní kí òyìnbó tó dé Ọ̀yọ́, ipò àgbà ló ń pinnu ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún, kì í ṣe jíjẹ́ ọkùnrin. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń bá a jiyàn.