‘Ṣebí orúkọ éápọ́ọ̀tù ni Múrítàlá?’

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fa ọ̀rọ̀ yìí o. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, Mushin ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ń lọ síléèwé. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo mú un dání, a wọ dánfó ní Ojúẹlẹ́gba, ó di CMS, a fẹsẹ̀ rìn dé mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ ní Onikan. Mọ́tò Mercedes dúdú kan wà níbẹ̀, ihò ọta ìbọn lára ẹ̀. Mo ní, “Mọ́tò Múrítàlá nìyẹn.” Ọmọ wò mí lójú, ó ní, “Bọ̀dá, ṣebí orúkọ éápọ́ọ̀tù ni Múrítàlá?”

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Nígbà tó yá, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Mo yọ náírà ogún lápò, mo fi àwòrán orí ẹ̀ hàn án. Látọdún 1977 lojú ọkùnrin yẹn ti wà lára owó náà, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n ya sára owó wa. Ọmọ yìí ń ná an, kò mọ̀ ọ́n.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì dáyé nígbà náà, bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, 13 oṣù kejì, ọdún 1976. Ọ̀gágun Múrítàlá Muhammed, olórí ìjọba ológun, ẹni ọdún 37, ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Kò sí ọ̀wọ́ mọ́tò sọ́jà níwájú ẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòyí mú un bó ṣe ń mú èmi àtẹ̀yin. Ibẹ̀ ni wọ́n ká a mọ́. Ó kú, Akíntúndé Akinṣéhìnwà tó jẹ́ ADC ẹ̀ kú, awakọ̀ náà kú. Dimka bọ́ sórí rédíò, ó ní àwọn ti gbàjọba, àmọ́ ibi tí wọ́n fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣáájú ni Múrítàlá kéde ìpínlẹ̀ tuntun méje, tó sì ní olú-ìlú máa kúrò l’Ékòó lọ s’Ábújá. Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó tá à ń pè ní ìpínlẹ̀, ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ má bá ọmọ wí o. Àwọn tó wà níjọba ló yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn kúrò níléèwé àwọn ọmọ kéékèèké, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí wọ́n tó ní kí wọ́n dá a padà. Mùsíọ́mù ló wá ń ṣiṣẹ́ tíṣà.

Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí i. Òyìnbó kan, Kenneth Murray, tó wá kọ́ni níṣẹ́ ọnà lọ́dún 1927, ló ṣe wàhálà ẹ̀. Ère Nok ń bẹ níbẹ̀, ti Ifẹ̀ ń bẹ, ti Benin náà ń bẹ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ibẹ̀ la ti ṣayẹyẹ ẹrù 119 tí orílẹ̀-èdè Netherlands dá padà, èyí tí wọ́n kó ní Benin lọ́dún 1897. Ẹ̀yin ará Surulere tẹ́ ẹ̀ ń gba iwájú tíátà Iganmu kọjá, ṣé ẹ rántí ojú Ìdíà tá a fi ṣàmì FESTAC 1977? Ìlú òyìnbó lojúlówó ẹ̀ wà títí dòní. A tọrọ ẹ̀ nígbà náà, wọn ò fún wa.

Bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè ká àwọn tó ń wọ aṣọ ẹbí kọjá lẹ́nu géètì mùsíọ́mù yẹn lọ síbi ìnáwó l’Onikan. Wọn ò yà.

Nígbà tá à ń bọ̀ nílé, ọmọ náà bi mí nínú dánfó bóyá wọ́n mú àwọn tó yìnbọn. Mo ní wọ́n mú wọn, pé oṣù karùn-ún ọdún yẹn náà ni wọ́n yìnbọn pa Dimka. Ó dákẹ́. A dé Ojúẹlẹ́gba, ó fà mí láṣọ.

“Bọ̀dá, ẹ fún mi ní náírà ogún yẹn. Mi ò ní ná an.”