Bí Omi Ìdọ̀tí àti Ọ̀nà Àwọn Ẹlẹ́wọ̀n Ṣe Sọ Tucson Di Ìlú Olólùfẹ́ Ẹyẹ

Ìlú tí òjò rẹ̀ kì í ju nǹkan bí íǹṣì 11 lọ lọ́dún kò jọ ibi tí pẹ́pẹ́yẹ ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ní Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, aṣálẹ̀ Sonora ló yí ìlú ká. Síbẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, àkókó ń gbẹ́ ihò sára saguaro, igi ẹlẹ́gùn-ún gíga tí kò ní ewé, àwọn tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn sì ń jí kí oòrùn tó yọ nítorí wọn. Omi ìdọ̀tí wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Odò Santa Cruz ń ṣàn gba ìlú yìí kọjá nígbà kan. Wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi abẹ́ ilẹ̀ fún oko àti ilé títí odò fi gbẹ, àwọn igi etí odò kú, ẹyẹ orí wọn kò sì ríbi gbé mọ́. Nígbà tó yá, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ omi tí àwọn èèyàn ti lò, láti fi bomi rin ọgbà àti pápá. Asẹ́ ńlá tí wọ́n ń lò a máa dọ̀tí, omi tí wọ́n sì fi fọ̀ ọ́ ń fẹ́ ìtọ́jú tirẹ̀. Ní 1996, wọ́n gbẹ́ àwọn adágún, wọ́n gbin koríko odò sí i, kí ó lè bá wọn sọ omi náà di mímọ́. Sweetwater Wetlands nìyẹn.

Àwọn ẹyẹ tó ń fò gba orí aṣálẹ̀ rí omi, wọ́n balẹ̀. Ẹ̀yà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ níbẹ̀ ti lé ní 300. Lójú tèmi, ayàwòrán kò lè rí ibi tó rọrùn jù ú lọ: ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú, omi ń tan ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ sí abẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ, ojú ẹyẹ sì ti mọ èèyàn. Kí ẹ má kàn lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé nígbà ooru. Wọ́n máa ń tì í láti fín oògùn ẹ̀fọn.

Òkè Lemmon, tó wà lẹ́bàá ìlú, náà ní ìtàn tirẹ̀. Ìlú wà ní nǹkan bíi mítà 730 sókè òkun. Ṣóńṣó Òkè Lemmon wà ní 2,791. Ní 1933, ìjọba àpapọ̀ kó ẹlẹ́wọ̀n wá la òkúta láti ṣe ọ̀nà mọ́tò gòkè láti apá Tucson. Ọdún 1950 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Gordon Hirabayashi wà lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Japan. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ní kí irú wọn má jáde lálẹ́, kí wọ́n sì kó lọ sí àgọ́. Ó kọ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí ẹ̀bi rẹ̀ ní 1943. Wọn kò fún un lówó ọkọ̀ dé ẹ̀wọ̀n. Àwọn awakọ̀ tó ń kọjá ló ń bẹ̀ kí wọ́n gbé òun. Ní 1987 ni wọ́n tó fagi lé ẹ̀bi náà. Ibi tí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n wà tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, ó sì yẹ kí ẹni tó ń gbé kámẹ́rà gòkè dúró níbẹ̀.

Ní nǹkan bíi wákàtí kan, ọ̀nà yìí ń gbé èèyàn láti àárín saguaro dé inú igbó páìnì. Bí igi ṣe ń yí ni ẹyẹ ń yí. Nísàlẹ̀, cactus wren, ẹyẹ àmì ìpínlẹ̀ Arizona, ń kọ́ ìtẹ́ sáàárín ẹ̀gún. Lókè, nígbà ooru, ẹyẹ kékeré olójú pupa tí wọ́n ń pè ní red-faced warbler ń ṣa kòkòrò jẹ láàárín ewé.

Ìlawọ́ èèyàn náà kó ipa tirẹ̀. Ní Patagonia, ìlú kékeré kan ní gúúsù Tucson, tọkọtaya Wally àti Marion Paton gbé omi ṣúgà kọ́ fún àwọn hummingbird, ẹyẹ kékeré tó ń mu omi dídùn inú òdòdó, wọ́n sì ṣí ọgbà wọn sílẹ̀ fún àlejò tí wọn kò mọ̀ rí. Lẹ́yìn ikú àwọn méjèèjì, Tucson Audubon, ẹgbẹ́ àwọn tó ń dáàbò bo ẹyẹ, gba ibẹ̀ ní 2014, ó sì wà ní ṣíṣí títí di òní.

Ohun kan ló ń dùn mí. Àwọn kan ń fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ jáde kí akọ lè yọjú fún àwòrán. Akọ tó sáré wá lé ọ̀tá tí kò sí ti fi ìtẹ́ àti ọmọ sílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní Arizona, tàbí tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ gbé kámẹ́rà yín, ẹ ní sùúrù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fóònù tan ẹyẹ kúrò nídìí ọmọ rẹ̀.