Òótọ́ àbí irọ́: Ayé inú ìwé fẹ̀, ṣé ìtàn ti dé nìyẹn?

Mo kọ ìwé kan rí tí n kò jẹ́ gbé jáde. Igbó-Ọrà ni mo fi ṣe ibùdó ìtàn náà, lọ́dún 2090. Ìbejì tó pọ̀ nílùú wa ló fún mi ní òfin ibẹ̀: ẹni tí wọ́n bí ní òun nìkan ló ń san owó orí. Mo ya máàpù, mo to orúkọ àwọn ọba tí yóò jẹ, mo ṣàlàyé ọkọ̀ aláìnítáyà tó ń gbé èrò lọ sí Èrúwà. Ojú ìwé 63. Mo kà á sétí ẹ̀gbọ́n ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń ro àmàlà. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n bu ọbẹ̀ ìlasa lé oúnjẹ, wọ́n ní: "Ó dáa. Ta ló wá ń wá kí ni níbẹ̀?"

Ẹnu mi wọhò.

Àwa tí a ń kọ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì fẹ́ràn láti sọ pé bí ayé inú ìwé bá ti kún, ìtàn á wọlé fúnra rẹ̀. Irọ́ gbuu ni.

Wọ́n tún ní Fágúnwà ò mọ̀ ju ìrìnkiri inú igbó lọ, pé kò sí àhunpọ̀ ìtàn lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí lábọ̀ òótọ́ nínú. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), nígbà tí Àkàrà-Ògún ń dá wọgbó lọ, èèyàn lè fi iwin kan rọ́pò òmíràn kí ìtàn má bàjẹ́. Àmọ́ ẹ wo ìgbà tí ọba rán òun àtàwọn ọdẹ yòókù sí Òkè Láńgbòdó. Ọjọ́ ìgbéyàwó Kàkó ni wọ́n lọ pè é. Ìyàwó dì mọ́ ọn pé kò ní í lọ, Kàkó sì pa á. Igbó yẹn náà ni o, ṣùgbọ́n ta ló tún fẹ́ pa ìwé dé?

Ṣé dandan ni kí òǹkàwé kọ́kọ́ mọ gbogbo òfin ayé náà? Irọ́. Nínú Rosewater, ìwé Tade Thompson tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke lọ́dún 2019, ìlú kan ní Nàìjíríà ọdún 2066 yí àjèjì tó ti òfuurufú wá ká, aláìsàn sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún fún ìwòsàn. Báńkì ló ti bẹ̀rẹ̀: Kaaro wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń ṣọ́ ọkàn àwọn oníbàárà lọ́wọ́ olè. (Ká má purọ́, ìtàn náà ń fò sẹ́yìn fò síwájú débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣí ojú ìwé padà.)

Mo ti tún tèmi bẹ̀rẹ̀. Táyé rìnrìn àjò. A kì í sọ pé ìbejì kú. Lọ́jọ́ kẹjọ, agbowó-orí kanlẹ̀kùn. Kẹ́hìndé ò bá a jiyàn. Ó wọ yàrá, ó gbé ère ìbejì jáde, ó fi í lé orí tábìlì, ó jókòó tì í, ó ní: "Ẹ kà wá."