Àwọn Ahánbọ́ọ̀lù ní Sílíìpù: Báwo ni a ṣe lè mọ ẹni tí ó ta wọ́n yọ?

Ìfáàrà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí eré kíríkẹ́ẹ̀tì. Àlàyé mi kò gùn. Lítíréṣọ̀ ni ó kọ́ mi láti máa bèèrè pé ta ni ìtàn dárúkọ, ta ni ó sì gbàgbé. Ìwé àkọsílẹ̀ eré kíríkẹ́ẹ̀tì náà, ìtàn ni. Ó ń ka iye ayò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbá. Ó ń ka iye ènìyàn tí asọbọ́ọ̀lù lé jáde. Ó sì ń dárúkọ ẹni tí ó hán bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni kò ní àyè kankan níbẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, orí kí ni a óò dúró lé tí a óò fi sọ pé lágbájá ni ọ̀gá láàárín àwọn ahánbọ́ọ̀lù? Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyí.

Ibi iṣẹ́ wọn

Nítorí ẹni tí kò bá mọ eré yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ráńpẹ́. Asọbọ́ọ̀lù a máa sọ bọ́ọ̀lù láti ìkángun kan ilẹ̀ tóóró tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 20. Agbábọ́ọ̀lù dúró ní ìkángun kejì, ó mú igi lọ́wọ́, ó ń dáàbò bo ọ̀pá mẹ́ta tí à ń pè ní wíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn ọ̀pá wọ̀nyí ni aṣọ́wíkẹ́ẹ̀tì wà, tòun ti ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún aṣọ́wíkẹ́ẹ̀tì ni àwọn tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí máa ń tò sí. Sílíìpù ni à ń pe ibẹ̀. Ẹni tí ó sún mọ́ aṣọ́wíkẹ́ẹ̀tì jù lọ wà ní sílíìpù kìíní, èyí tí ó tẹ̀ lé e wà ní sílíìpù kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kì í wọ ìbọ̀wọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá ba etí igi, tí wọ́n sì hán an kí ó tó kanlẹ̀, agbábọ́ọ̀lù ti jáde nìyẹn.

Asọbọ́ọ̀lù tí ó yára lè sọ bọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n kìlómítà 140 ní wákàtí kan. Láti etí igi dé ọwọ́ ẹni tí ó wà ní sílíìpù, nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni. Kò sí àyè ìrònú níbẹ̀. Ara gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí yóò ṣe. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ó wà ní sílíìpù kìíní a máa wo bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí ó ti kúrò lọ́wọ́ asọbọ́ọ̀lù. Àwọn tí ó wà ní sílíìpù kejì àti ìkẹta a sì máa tẹjú mọ́ etí igi. Ọwọ́ wọn gbọ́dọ̀ rọ̀, nítorí ọwọ́ tí ó le a máa ta bọ́ọ̀lù dànù. Bí ìgbà tí ènìyàn ń gba ẹyin ni wọ́n ń gbà á.

Síbẹ̀, ìdúró ni ó ṣòro jù. Ìdíje Test lè gba ọjọ́ márùn-ún, bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì ń sọ ní ọjọ́ kan lè tó 540. Ẹni tí ó wà ní sílíìpù yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan ṣoṣo wá bá a, ó sì lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni yóò tó dé, nígbà tí ojú ti ń wá oorun.

Àwọn tí ìtàn dárúkọ

Ní ọdún 1928, Walter Hammond, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, hán bọ́ọ̀lù mẹ́wàá nínú ìdíje kan ṣoṣo nígbà tí Gloucestershire bá Surrey pàdé ní Cheltenham. Kí sáà ọdún náà tó parí, ó ti hán 78. Nínú ìdíje Test 85 tí ó kópa, 110 ni ó hán.

Iye kan náà, 110, ni Bob Simpson ti Ọsirélíà hán, ṣùgbọ́n ìdíje Test 62 péré ni ó fi ṣe é. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ yìí. Nínú ìdíje mẹ́wàá, Hammond ń hán bíi mẹ́tàlá, Simpson ń hán bíi méjìdínlógún. Nígbà tí Simpson di olùkọ́ ẹgbẹ́ Ọsirélíà láti ọdún 1986 títí di 1996, ó gbájú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yìí gidigidi. Abẹ́ rẹ̀ ni Mark Taylor ti dàgbà, ẹni tí ó hán 157 nínú ìdíje 104, àti Mark Waugh, ẹni tí ó hán 181 nínú ìdíje 128.

Ní ti iye tí ó pọ̀ jù, Rahul Dravid ti Íńdíà hán 210 nínú ìdíje 164. Òun ni ó wà lókè títí di oṣù keje ọdún 2025, nígbà tí Joe Root ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá rẹ̀ ní pápá Lord's. Mahela Jayawardene ti Sri Lanka hán 205 nínú ìdíje 149. Ìgbà 77 nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ pé Muttiah Muralitharan ni ó sọ bọ́ọ̀lù náà. Ènìyàn 800 ni Muralitharan lé jáde ní ìdíje Test. Èyí fi hàn pé ọwọ́ Jayawardene nìkan ni ó parí bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹni tí ó bá ń ki asọbọ́ọ̀lù láì ki ahánbọ́ọ̀lù, ìdajì oríkì ni ó ń kì.

Ohun tí ìwé kò kọ

Òǹkà wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọn kò tó. Èkíní, ìwé kì í sọ ibi tí ẹni tí ó hán bọ́ọ̀lù dúró sí. Kì í ṣe gbogbo èyí tí àwọn tí mo dárúkọ hán ni ó jẹ́ ti sílíìpù. Èkejì, ẹni tí àwọn asọbọ́ọ̀lù rẹ̀ bá mọṣẹ́ ni bọ́ọ̀lù yóò máa wá bá. Ẹ̀kẹta, tí ó sì wúwo jù, bọ́ọ̀lù tí ó bọ́ lọ́wọ́ kò sí nínú ìṣirò. Ẹni tí ó hán ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́fà, àti ẹni tí ó hán ọgọ́rùn-ún nínú igba, ọgbọọgba ni wọ́n lójú ìwé.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n fi mí sí sílíìpù kejì nítorí pé n kò lè sáré. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni ó wá bá mi ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo jẹ́ kí ó bọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ dá mi sí, nítorí orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni kò dá mi sí.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àgbà ọ̀jẹ̀ nínú eré náà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, ní pápá The Oval ní Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò ju kí Ọsirélíà má ṣẹ́gun wọn lọ kí wọ́n tó gba ife Ashes tí ó ti wà lọ́wọ́ Ọsirélíà láti ọdún 1989. Kevin Pietersen ti gbá ayò 15 nígbà tí Brett Lee sọ bọ́ọ̀lù kan tí ó ba etí igi rẹ̀. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Shane Warne ní sílíìpù kìíní, ó sì bọ́. Pietersen gbá ayò 158, ife sì lọ. Warne yìí kan náà ni ó lé ènìyàn 40 jáde nínú ọ̀wọ́ ìdíje náà. Ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ òpè. 125 ni ó hán ní ìdíje Test. Síbẹ̀ bọ́ọ̀lù, bí ẹyin ni. Bí ó bá ti bọ́, kò ṣeé kó jọ mọ́.

Ìkádìí

Ta wá ni ọ̀gá? Bí a bá ní kí a fi òǹkà lásán ṣe é, Root àti Dravid ni ipò yẹ. Bí a bá fi iye ìdíje pín òǹkà náà, tí a sì wo ẹ̀kọ́ tí ẹnì kan fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn, Simpson ni èmi yóò mú. Ẹni tí ó bá yan Mark Waugh, n kò ní bá a jà.

Lóde òní, àwọn kan ti ń ka bọ́ọ̀lù tí ó bọ́ pẹ̀lú èyí tí wọ́n hán, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ti ìgbà Hammond ti sọnù. Kò sí ẹni tí ó lè kà á padà. Nítorí náà, kí àwa tí ń ka àkọsílẹ̀, ìbáà ṣe ti eré, ìbáà ṣe ti ìlú, máa rántí pé ohun tí ìwé kọ kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìgbà 540 tí bọ́ọ̀lù kankan kò wá bá a, òun náà ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ yẹn.