Wọn ò bẹ̀rù àpáta, ìbọn ló lé wọn sá!

Ẹ̀yin èèyàn wa nílùú Ẹdẹ, ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè rí mọ̀ pé orúnkún lèèyàn fi ń san owó ọkọ̀ níbẹ̀. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Kéèyàn tó dé ìlú àtijọ́ táwọn ará Ìdànrè kó kúrò lọ́dún 1923, yóò ti jókòó sinmi bí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Àmọ́ àpáta kan wà ní Hombori, lórílẹ̀-èdè Mali, létí aṣálẹ̀ Sàhárà, tí kò ní àtẹ̀gùn kankan. Ọwọ́ Fátímà ni wọ́n ń pè é, torí ó na ìka sókè fíofío. Ìka tó ga jù níbẹ̀ tó nǹkan bíi 600 mítà. Ká to Cocoa House Ìbàdàn márùn-ún léra, wọn ò tíì ga tó o!

Báwo wá làwọn òyìnbó ṣe ń gùn ún? Méjì méjì ni wọ́n sábà máa ń lọ, wọ́n á so ara wọn mọ́ okùn kan ṣoṣo. Ẹni àkọ́kọ́ á máa pọ́n lọ, á máa ki irin kéékèèké bọ àárín òkúta tó là, á sì gba okùn kọjá lára irin náà. Èkejì á di okùn mú nísàlẹ̀. Bẹ́sẹ̀ ti òkè bá yọ̀, okùn ló máa gbà á. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń lọ, torí tí oòrùn bá mú, àpáta náà á gbóná bí agbada gàrí.

Gbogbo ewu yìí ò dá wọn dúró. Ohun tó dá wọn dúró dé lóru ọjọ́ 24, oṣù kọkànlá, ọdún 2011. Àwọn agbébọn já wọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Hombori, wọ́n jí ọmọ Faransé méjì gbé, Philippe Verdon àti Serge Lazarevic. Ọdún 2013 ni wọ́n rí òkú Verdon. Ọdún 2014 ni Lazarevic tó gba ìtúsílẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í ṣe agunkè o, àmọ́ ta ló tún fẹ́ di ẹrù lọ síbẹ̀? Nígbà tó sì di 2012, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba gbogbo àríwá Mali. Títí dòní, ìjọba àwọn òyìnbó ṣì ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n má lọ. Ará abúlé tó ń ru ẹrù àlejò, tó ń fọ̀nà hàn wọ́n, ọ̀fọ̀ ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọgbọ́n. Láti Ẹdẹ, a ó gba Òṣogbo, Iléṣà àti Àkúrẹ́ ká tó dé Ìdànrè. Ọ̀nà yẹn nìjọba gbọ́dọ̀ ṣọ́ lójú méjèèjì. Àpáta ò ní sá lọ, àlejò ló ń sá.