Àkáǹtì Aṣàmúlò Lórí Kọ̀ǹpútà Ilé: Bí A Ṣe Ń Dá A Sílẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Ṣe Àdàkọ Rẹ̀

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ohun tí àkáǹtì aṣàmúlò jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ẹni púpọ̀ jọ ń lò nínú ilé, bí a ṣe ń dá a sílẹ̀, àti ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ kí a tó gbé e láti orí ẹ̀rọ kan lọ sí orí òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí iṣẹ́ wa ní ẹ̀ka yìí. Púpọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà tí a jọ ń lò pẹ̀lú ọkọ, aya, àbúrò tàbí ọmọ ni a ń kó ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní pápá ìwádìí sí. Ibẹ̀ náà ni a sì ti ń kọ àpilẹ̀kọ wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún Windows 10 ní gbogboogbò dúró. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè gba Windows 11 ni yóò ní láti pààrọ̀ ẹ̀rọ, ẹni tí ó bá sì ń kó kúrò nílé kò lè ṣe kí ó má di ẹrù.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé àkáǹtì kì í ṣe orúkọ lásán, kì í sì í ṣe fódà lásán. Àpapọ̀ nǹkan mẹ́rin ni. Ẹni tí ó bá kó ọ̀kan tí ó fi mẹ́ta sílẹ̀ kò tíì kó àkáǹtì.

2.0 Ìtàn Ráńpẹ́

Kọ̀ǹpútà ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ kò mọ ẹni kan yàtọ̀ sí ẹni kejì. Ní ọdún 1961 ni Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ṣe àfihàn CTSS, ètò tí ó jẹ́ kí ẹni púpọ̀ lè lo ẹ̀rọ kan ní àkókò kan náà. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jọ ń lo ẹ̀rọ kan, ó di dandan kí fáìlì kọ̀ọ̀kan ní olúwa rẹ̀, kí olúwa náà sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí yóò fi wọlé. Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní ọdún 1969, sọ èyí di ìlànà tí Linux ń tẹ̀ lé títí di òní.

Kọ̀ǹpútà ilé pẹ́ kí ó tó bá wọn dé ibẹ̀. Lórí Windows 95, ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà lè tẹ Cancel kí ó sì wọlé. Windows XP, tí ó jáde ní ọdún 2001, ni ó mú irú àkáǹtì tí a ń lò ní ọ́fíìsì ńláńlá wọ inú ilé gbogbo ènìyàn.

3.0 Nǹkan Mẹ́rin Tí Ó Para Pọ̀ Di Àkáǹtì

(a) Orúkọ. Èyí ni ohun tí àwa ènìyàn ń rí lójú ẹ̀rọ: Bọ́lá, Màmá, Kẹ́hìndé.

(b) Nọ́ńbà. Èyí ni ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ mọ̀. Lórí Linux, fáìlì kan wà tí ń jẹ́ /etc/passwd. Ìlà kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú rẹ̀, abala méje ni ó wà nínú ìlà náà, nọ́ńbà ẹni náà sì ni ó wà ní abala kẹta. Òdo ni ti root, ọ̀gá pátápátá; lórí èyí tí ó pọ̀ jù nínú Linux òde òní, láti 1000 ni nọ́ńbà àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Windows ní tirẹ̀, òǹkà gígùn kan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S-1-5-21. Nọ́ńbà yìí ni a ń kọ sára fáìlì láti fi olúwa rẹ̀ hàn. A kì í kọ orúkọ sí i.

Àwa Yorùbá kò ní ṣàìmọ ìyàtọ̀ yìí. Bí bàbá àgbà bá kú tí a sì sọ ọmọ tuntun ní Babátúndé, inú ẹbí yóò dùn, ṣùgbọ́n báńkì kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ kó owó olóògbé fún ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Bí a bá pa àkáǹtì Kẹ́hìndé rẹ́, tí a sì dá òmíràn sílẹ̀ lórí Windows pẹ̀lú orúkọ yẹn kan náà, nọ́ńbà tuntun ni yóò gbà. Àlejò ni Kẹ́hìndé kejì jẹ́ sí ẹrù Kẹ́hìndé kìíní.

(d) Ilé. Èyí ni fódà tí gbogbo ẹrù ẹni náà wà, lábẹ́ /home lórí Linux, lábẹ́ C:\Users lórí Windows. Ilé yìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ní ìyẹ̀wù. Documents àti Pictures wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ojú ń rí. AppData àti NTUSER.DAT lórí Windows, àti àwọn fáìlì tí àmì ìdánudúró ṣáájú orúkọ wọn lórí Linux, wà ní ìyẹ̀wù. Ẹ̀rọ kì í fi wọ́n hàn àfi bí a bá béèrè.

(e) Kọ́kọ́rọ́. Èyí ni ọ̀rọ̀ aṣínà àti gbogbo ohun tí a fi ọ̀rọ̀ aṣínà náà tì.

4.0 Dídá Àkáǹtì Sílẹ̀

Lórí Windows, inú Settings, lábẹ́ Accounts, ni a ti ń dá àkáǹtì sílẹ̀. Lórí Linux, alábòójútó lè lo àṣẹ useradd -m pẹ̀lú orúkọ ẹni tuntun. Yálà ti ìṣáájú ni tàbí ti ìkẹyìn, ilé tuntun kì í ṣófo. Linux a máa ṣe àdàkọ ohun tí ó wà nínú /etc/skel sí inú rẹ̀. Windows a máa ṣe àdàkọ fódà Default ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹni náà bá wọlé. A lè sọ pé ṣíṣe àdàkọ wà nínú dídá àkáǹtì sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kókó kan wà níhìn-ín tí ó kan àwa tí ń kọ Yorùbá. Ohun-ìní oníkálukú ni àtẹ bọ́tìnnì tí a yàn. Kì í ṣe ti ẹ̀rọ lápapọ̀. Ẹni tí ó ti fi àtẹ Yorùbá sí àkáǹtì tirẹ̀ yóò rí i pé àkáǹtì tí ó dá sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kò ní in. Inú Control Panel, lábẹ́ Region, ní abala Administrative, bọ́tìnnì kan wà tí ń jẹ́ Copy settings. Bí a bá mú New user accounts níbẹ̀, gbogbo àkáǹtì tí a bá dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà yóò jogún àtẹ náà.

Ó tún yẹ kí á mọ irú àkáǹtì tí a ń fún ènìyàn. Alábòójútó lè wọ yàrá gbogbo ènìyàn. Aṣàmúlò lásán kò lè wọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Àkáǹtì alábòójútó kan tó fún ilé kan. Ó sì dára kí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ pàápàá ní àkáǹtì lásán tí yóò máa fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

5.0 Ohun Tí Ó Ń Sọnù Nígbà Àdàkọ

5.1 Ẹrù inú ìyẹ̀wù. Nígbà tí àwa ń kúrò lórí ẹ̀rọ wa àtijọ́, Documents, Desktop àti Pictures ni a ṣe àdàkọ wọn. A rò pé iṣẹ́ ti parí, a sì nu ẹ̀rọ náà mọ́ fún àbúrò wa. Ìgbà tí a jókòó ti orí kẹta àpilẹ̀kọ wa ni a tó mọ ohun tí a ṣe. Nínú Word, a ti fi oṣù púpọ̀ kó àtòjọ AutoCorrect kan jọ: bí a bá tẹ «ogbn», «ọgbọ́n» ni yóò jáde, pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì abẹ́ rẹ̀. Inú AppData ni Word ń tọ́jú àtòjọ bẹ́ẹ̀ sí, pẹ̀lú ìwé-atúmọ̀ àdáni CUSTOM.DIC. Orí ìwé wa dé láìfarapa. Irin-iṣẹ́ tí a fi ń kọ ọ́ ni kò dé.

5.2 Nọ́ńbà tí ó yí padà. Ẹ jẹ́ kí á wo ilé kan tí ń lo Linux. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, bàbá ni 1000, ìyá ni 1001, Kẹ́hìndé ni 1002. Lórí ẹ̀rọ tuntun, Kẹ́hìndé ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ lẹ́yìn bàbá. Òun wá di 1001, ìyá sì di 1002. Bí alábòójútó bá fi àṣẹ cp -a kó ẹrù láti inú dísìkì àtijọ́, nọ́ńbà àtijọ́ ni yóò bá fáìlì wá. Lẹ́tà ìyá yóò di ti Kẹ́hìndé, ti Kẹ́hìndé yóò sì di ti ìyá. Kò sí olè níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ṣẹ̀; síbẹ̀, àṣírí ti tú.

5.3 Kọ́kọ́rọ́ tí a yí. Lórí Windows, a lè sọ fáìlì di àrokò nípa EFS, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ni í nìkan ni ó lè tú u. Bí ìyá bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì inú ẹ̀rọ rẹ̀, tí alábòójútó sì fi tipátipá yan òmíràn fún un, ìyá yóò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè má rí fáìlì àrokò rẹ̀ kà mọ́, àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ sì lè bá a lọ. Windows fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ èyí fún alábòójútó. Ẹni tí ó bá yí i fúnra rẹ̀, tí ó sì mọ ti àtijọ́, kò ní pàdánù nǹkan kan.

6.0 Ìlànà Tí A Dábàá

Láti inú ohun tí a ti sọ, a lè fa ìgbésẹ̀ márùn-ún yọ:

(i) Kí olúwa fáìlì kọ́kọ́ wọlé lórí ẹ̀rọ àtijọ́, kí ó tú gbogbo fáìlì àrokò rẹ̀ sílẹ̀.

(ii) Kí a dá àkáǹtì sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tuntun, kí olúwa rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan kí ilé rẹ̀ lè dúró, kí ó sì jáde. Lórí Linux, a lè fi useradd -u yan nọ́ńbà tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ fún un.

(iii) Kí alábòójútó jẹ́ kí fáìlì ìyẹ̀wù hàn, kí ó sì ṣe àdàkọ ohun inú ilé àtijọ́ sínú ilé tuntun. Lórí Windows, kí ó fi NTUSER.DAT sílẹ̀, kí ó sì mú kìkì ohun tí a nílò nínú AppData.

(iv) Kí a dá fáìlì padà fún olúwa rẹ̀. Lórí Linux, chown -R ni a ń lò. Lórí Windows, fáìlì tí a ṣe àdàkọ rẹ̀ sábà máa ń gba àṣẹ fódà tí ó bá wọ̀. Bí a bá gba inú fílááṣì exFAT kọjá, kò sí àmì olúwa kankan tí yóò bá fáìlì débẹ̀, nítorí náà a kò gbọdọ̀ fo ìgbésẹ̀ yìí.

(v) Kí olúwa fúnra rẹ̀ wọlé, kí ó ṣí ìwé rẹ̀, kí ó gbọ́ ohùn tí ó gbà sílẹ̀, kí ó sì tẹ Yorùbá díẹ̀. Ẹ̀yìn èyí nìkan ni a tó lè nu ẹ̀rọ àtijọ́.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé orúkọ, nọ́ńbà, ilé àti kọ́kọ́rọ́ ni ó para pọ̀ di àkáǹtì, àti pé ibi tí ẹrù ti ń sọnù ni ibi tí a ti fi ọ̀kan ṣe gbogbo. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ẹ̀rọ nìkan. Ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀, tí ẹlòmíràn nínú wọn ti di ará ọ̀run, wà nínú irú fódà bẹ́ẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè padà lọ bi wọ́n léèrè. Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni ó rọrùn jù lọ láti fò nínú márààrún. Òun ni àwa fò.