Sọlúṣọ̀n Tí Ọmọ Ń Fà S'ímú

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá l'ónìí kan gbogbo ẹni t'ó ń tọ́ ọmọ l'ẹ́yìn odi.

Sọlúṣọ̀n tí àwọn tí ń lẹ táyà àti àwọn aránbàtà ń lò ni mo ń wí. Àwọn ọ̀dọ́ a máa dà á s'ínú ọ̀rá tàbí s'órí àkísà, wọn a sì fà á s'ímú kí ó lè pa wọ́n bí ọtí. Àwọn Haúsá ń pè é ní sholisho. Àwọn míràn ń fa bẹntiróò, àwọn kan tilẹ̀ ń fa òórùn ihò ṣálángá. (Ẹ gbà mí o!) Owó péréte ni a fi ń ra sọlúṣọ̀n, kò sì sí ẹni tí yóò fura sí ọmọ t'ó mú un l'ọ́wọ́ bí ẹni t'ó mú igbó.

Toluene t'ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ ibi náà. Kò pẹ́ rárá tí yóò fi dé ọpọlọ, ọmọ a sì máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. B'ó bá ti dá l'ójú rẹ̀, a tún fà á. B'ó bá pẹ́ nídìí rẹ̀, ọpọlọ, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti etí ni yóò bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó jù ni pé òórùn yìí a máa mú kí ọkàn tètè dàrú. Bí ẹni t'ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á bá sáré, tàbí tí ìdágìrì bá a, ọkàn rẹ̀ lè dáwọ́ dúró l'ẹ́ẹ̀kan náà, ìbáà ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ó fà á. Ní 1970, Millard Bass kọ ìwé lórí 110 ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà t'ó kú ikú òjijì báyìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ká ọmọ mọ́ ọn, ẹ má ṣe lé e, ẹ má sì ṣe gbé pàṣán. Mo mọ̀ pé èyí yóò ṣòro fún àwọn bàbá wa! Ẹ rọra gbà á l'ọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gbé iná jìnnà, kí ó jókòó jẹ́ẹ́. B'ó bá dákú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì wá ọkọ̀ lọ s'ílé ìwòsàn. Ìbáwí lè di ọ̀la.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ máa gbóòórùn aṣọ wọn, kí ẹ sì wo egbò yí imú àti ẹnu wọn ká.

Ní ìlú Ọba, láti 1999, òfin kò gbà kí a ta gáàsì tí a fi ń kún láítà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń lẹ táyà ní Jikwoyi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ta sọlúṣọ̀n fún ọmọ tí kò mú táyà wá, kí ẹ sì ti agolo mọ́ inú àpótí l'álẹ́.